Eérú Àtẹ́lẹwọ́ Sai Baba

Ìwọ ọ̀dọ́ tí ò ń ka ìwé yìí, ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tí ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ní ilẹ̀ Íńdíà pè ní Ọlọ́run nígbà ayé rẹ̀, tí àwọn mìíràn ní ilẹ̀ kan náà sì pè ní apidán lásán, ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Mo sì fẹ́ kí a jọ yẹ ìwé kan wò tí ọ̀mọ̀wé ará Iceland kan kọ nípa rẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yan ọ̀rọ̀ tí ó jìnnà sí ilé. Bí mo bá mú wòlíì tí ó wà ní àdúgbò rẹ, tàbí ààfáà tí ìyá rẹ ń tọ̀ lọ fún àdúrà, tàbí babaláwo tí bàbá rẹ àgbà gbẹ́kẹ̀ lé, inú yóò ti bí ọ kí o tó ka ojú ewé kan tán, tàbí kí o máa yọ̀ pé mo gbè sí ọ lẹ́yìn. Nínú méjèèjì, o kò ní lè fi ọkàn tútù wo ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ará Puttaparthi kò bá ẹnikẹ́ni nínú wa tan.

Sathyanarayana Raju ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Wọ́n bí i ní ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá ọdún 1926 ní Puttaparthi, tí ó jẹ́ abúlé kékeré nígbà náà ní apá gúúsù Íńdíà, ní agbègbè gbígbẹ tí omi ti ṣọ̀wọ́n. Ìtàn tí àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ń sọ ni pé ní ọdún 1940, nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ bí tìrẹ, àkeekèé ta á, ìwà rẹ̀ sì yí padà: a máa sunkún, a máa rẹ́rìn-ín, a sì tún máa dákẹ́ lọ gbári. Ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó kéde pé òun ni Sai Baba, ẹni mímọ́ kan tí ó ti gbé ní ìlú Shirdi tí ó sì ti kú ní ọdún 1918, tí ó wá tún ayé wá. Àwọn ènìyàn gbà á gbọ́ díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n gbà á gbọ́ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ní 1950 wọ́n ṣí ibùdó ìsìn ńlá fún un ní abúlé rẹ̀. Ní 1968 ó wá sí ilẹ̀ Áfíríkà wa níhìn-ín, ó dé Kenya àti Uganda. Ìrìn àjò yẹn nìkan ṣoṣo ni ó rìn jáde kúrò ní Íńdíà títí ó fi kú. Nígbà tí yóò fi darúgbó, àwọn olórí ìjọba, àwọn adájọ́, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti àwọn eléré ìdárayá olókìkí ni ó ń wólẹ̀ níwájú rẹ̀.

Kí ni wọ́n rí? Bí ó bá ti jáde síta pẹ̀lú ẹ̀wù gígùn aláwọ̀ ọsàn rẹ̀ àti irun orí rẹ̀ tí ó kún bí igbó, àwọn èrò a jókòó rẹrẹ lórí ilẹ̀, wọn a na ọwọ́ sí i. Yóò da àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ délẹ̀, yóò yí i po nínú afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, eérú kúnnákúnná yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà sí ọwọ́ ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀. Vibhuti ni wọ́n ń pe eérú náà. Àwọn onísìn Hindu ti ń fi irú rẹ̀ sàmì sí iwájú orí láti ayébáyé. Àwọn ọmọlẹ́yìn Sai Baba a sì tún máa lá tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oògùn. Kì í ṣe eérú nìkan. Òrùka, ẹ̀gbà ọrùn, aago ọwọ́, àti ère kéékèèké a máa jáde láti ọwọ́ kan náà, fún ẹni tí ó bá rí ojú rere rẹ̀. Ní ọjọ́ àjọ̀dún Shiva, ó ní ọdún tí ó bi ohun róbótó bí ẹyin jáde láti ẹnu rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn.

Nísinsìnyí, ìwé náà. Erlendur Haraldsson jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ èrò ọkàn ẹ̀dá ní Yunifásítì ilẹ̀ Iceland. Láàárín ọdún 1970 sí 1980 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Íńdíà nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ó bá ọ̀mọ̀wé kejì rìn, Karlis Osis, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Ní 1987 ó tẹ ìwé jáde. Ó mú orúkọ ìwé náà láti inú ọ̀rọ̀ tí Sai Baba fúnra rẹ̀ sọ, pé iṣẹ́ ìyanu òun kò ju káàdì tí àlejò ń fi ránṣẹ́ sínú ilé kí ó tó wọlé. Àwọn ọmọlẹ́yìn gbé ìwé yìí gẹ̀gẹ̀. Wọ́n ní: ẹ wò ó, ọ̀jọ̀gbọ́n òyìnbó ti yẹ ọ̀gá wa wò, kò rí ẹ̀tàn kankan. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí, nítorí pé ó jẹ́ òtítọ́, síbẹ̀ kò sọ ohun tí wọ́n rò pé ó sọ.

Kí n kọ́kọ́ yin ìwé náà bí ó ti yẹ. Haraldsson kì í ṣe ẹni tí ó jókòó sí ilé tí ó ń kọ ìwé láti inú ìwé àwọn ẹlòmíràn. Ó wá àwọn àgbààgbà tí wọ́n mọ Sai Baba nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́ rí, ó bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tún ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé kì í ṣe: ó lọ bá àwọn tí wọ́n ti bá ọkùnrin náà gbé rí tí wọ́n sì ti kẹ̀yìn sí i. Àwọn kan nínú wọn sọ fún un pé àwọn kò gbà á ní Ọlọ́run mọ́, ṣùgbọ́n pé àwọn kò rí ibi tí ó ti ń mú nǹkan wọ̀nyí jáde. Ẹ̀rí tí ó wúwo ni irú èyí, nítorí pé ẹni tí ó bínú kúrò ní ilé kì í sábà bo àṣírí onílé. Bẹ́ẹ̀ ni Haraldsson kò gbé gbogbo ìtàn mì bí ọkà. Ìtàn kan gbilẹ̀ púpọ̀ láàrin àwọn ọmọlẹ́yìn, pé arúgbó ará Amẹ́ríkà kan kú ní ìlú Madras ní ọdún 1971, Sai Baba sì jí i dìde. Haraldsson wá oníṣègùn tí ó tọ́jú arúgbó náà rí. Oníṣègùn náà kò jẹ́rìí pé ó kú. Ó kọ ọ́ sínú ìwé bẹ́ẹ̀ láìfi pamọ́, èyí sì mú kí n bọ̀wọ̀ fún un.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn òrùka, èyí tí àwọn ènìyàn máa ń tọ́ka sí jù. Sai Baba ju ọwọ́ rẹ̀, ó sì fún Osis ní òrùka wúrà kan tí àwòrán òun fúnra rẹ̀ wà lójú rẹ̀. Ní ọjọ́ mìíràn, àwọn ọ̀mọ̀wé méjèèjì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí àwọn dán agbára rẹ̀ wò ní ọ̀nà tí àwọn yóò là sílẹ̀. Ó kọ̀. Bí wọ́n ti ń rọ̀ ọ́, ó ní kí Osis wo ọwọ́ rẹ̀. Òrùka wà níbẹ̀, ihò tí àwòrán wà nínú rẹ̀ kò bàjẹ́, ṣùgbọ́n àwòrán ti lọ. Wọ́n wá ilẹ̀ títí, wọn kò rí i. Sai Baba fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé ìdánwò ti òun nìyẹn.

Mo ti ka ibẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, ẹnu sì ń yà mí pé àwọn ọ̀mọ̀wé méjì kò gbọ́ ohun tí ẹ̀fẹ̀ náà ń wí. Wọ́n wá dán ènìyàn wò, ẹni náà sì dán wọn wò dípò rẹ̀. Ta ni ó yan yàrá? Òun ni. Ta ni ó yan ọjọ́ àti wákàtí? Òun ni. Ta ni ó mú òrùka wá ní ìbẹ̀rẹ̀, tí ó mọ bí a ti ṣe é, tí ó sì mọ ìgbà tí gbogbo ojú yóò yí sí i? Òun kan náà ni. Mo lo ọdún púpọ̀ nídìí iṣẹ́ olùkọ́, mo sì ti mójú tó ìdánwò láìmọye ìgbà. Bí ọmọ kan bá sọ pé òun yóò ṣe ìdánwò, ṣùgbọ́n pé ilé òun ni òun yóò ti ṣe é, pé òun ni yóò mú ìbéèrè wá, òun ni yóò sì pinnu ìgbà tí ẹ̀yin olùkọ́ lè wọlé wò ó, a kò ní sọ pé ọmọ náà jí ìwé wò. A kò rí i kí ó jí ìwé wò. A kò ní sọ pé ó yege pẹ̀lú. Ohun tí a óò sọ ni pé kò tíì ṣe ìdánwò. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Sai Baba wà nígbà tí Haraldsson tẹ ìwé rẹ̀ jáde, ibẹ̀ náà ni ó sì wà nígbà tí ọkùnrin náà kú. Òǹkọ̀wé náà fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé a kò gba òun láyè láti ṣe ìdánwò. Ẹ̀bi rẹ̀ lójú mi ni pé ó jẹ́wọ́ èyí ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó sì fi ohùn rara ka ìtàn ìyanu fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá pa ìwé dé kì í rántí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ náà mọ́.

O lè sọ pé, ‘Ṣùgbọ́n àwọn ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹlẹ́rìí ńkọ́? Ṣé gbogbo wọn ni ó ń purọ́ ni?’ Rárá o. N kò gbà pé wọ́n ń purọ́, ìwọ náà má ṣe gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìwà àìmọ̀kan ni kí a máa pe ẹni tí ó bá rí ohun tí àwa kò rí ní elékèé. Ọ̀nà mìíràn wà tí olóòótọ́ ènìyàn lè gbà jẹ́rìí sí ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1887, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ S. J. Davey pe àwọn ènìyàn jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹgbẹ́, ó ní òun yóò mú kí ọwọ́ tí a kò rí kọ̀wé sórí síléètì. Idán ni ó ń pa, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí ó parí, ó bẹ àwọn àlejò rẹ̀ pé kí wọ́n lọ kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Richard Hodgson kó ìwé wọn jọ, wọ́n tẹ̀ wọ́n jáde. Àwọn ènìyàn gidi ni wọ́n, ọ̀mọ̀wé wà nínú wọn, síbẹ̀ ohun tí wọ́n kọ yani lẹ́nu: wọ́n fi ìgbà tí Davey fi ọ̀rọ̀ fa ọkàn wọn kúrò sílẹ̀ láìkọ, wọ́n sọ pé síléètì kò kúrò lójú àwọn rí, bẹ́ẹ̀ ó ti pààrọ̀ rẹ̀. Ọkàn ẹ̀dá kì í ṣe àpótí tí à ń sọ nǹkan sí tí a sì ń mú un jáde bí a ti sọ ọ́. Bí àwòrán òrùka bá ti lọ, a óò máa rántí pé a kò mú ojú kúrò lára rẹ̀, nítorí pé bí a bá ti mú ojú kúrò ni, kí ni ohun ìyanu níbẹ̀?

Àwọn òbí rẹ àgbà lè sọ fún ọ nípa Ọ̀jọ̀gbọ́n Peller, apidán wa tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri kí ó tó kú ní 1997. Owó ni a ń san wọlé lọ wò ó. Ohun tí ó ṣe lórí pèpéle ju eérú lọ fíìfíì.

Nígbà tí mo bá sọ èyí, àwọn tí kò gba nǹkan kan gbọ́ a máa patẹ́wọ́ fún mi. Kí wọ́n dúró ná, nítorí pé ìwé tiwọn náà ní àléébù. Abraham Kovoor, olùkọ́ kan tí wọ́n bí ní Kerala tí ó sì gbé ní Sri Lanka, kéde ní 1963 pé òun yóò fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ṣe iṣẹ́ ìyanu ní ibi tí kò ti sí àyè fún ẹ̀tàn ní 100,000 owó rupee. Ó kú ní 1978 láìsan owó náà. Basava Premanand gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń lọ láti abúlé dé abúlé, ó ń fi han àwọn ará oko bí a ti ń mú eérú jáde láti inú afẹ́fẹ́. Ọ̀nà náà rọrùn: a ó fi omi sítáàṣì díẹ̀ po eérú, a ó ṣe é ní kóró kéékèèké, a ó sá a gbẹ, a ó sì há kóró kan sí àárín àtàǹpàkò àti ìka tí ó tẹ̀ lé e, bí ọwọ́ bá ti ń yí po ni ìka ń rún un, tí eérú sì ń dà. Bí ìwọ bá fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ ọ, ìwọ náà yóò ṣe é. Premanand yìí kan náà ni ó pe Sai Baba lẹ́jọ́ ní 1986, pé òfin ilẹ̀ Íńdíà ìgbà náà kò jẹ́ kí ènìyàn ṣe nǹkan wúrà láìgba àṣẹ, nítorí náà kí ọkùnrin náà wá sọ ibi tí ó ti gba àṣẹ fún ẹ̀gbà ọrùn tí ó mú jáde láti inú òfìfo. Ilé ẹjọ́ da ẹjọ́ náà nù. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á. N kò sì mọ ẹni tí kò ní rẹ́rìn-ín.

Àléébù tí mo ń wí nìyí. Pé a lè fi idán ṣe nǹkan kò fi hàn pé idán ni ẹnì kan pàtó fi ṣe é. Bí mo bá fi hàn pé a lè fi ayédèrú kọ́kọ́rọ́ ṣí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ilé ẹ̀kọ́, n kò tíì fi hàn pé ìwọ ni o ṣí i. Premanand fi hàn pé eérú kò tó ẹ̀rí. Ó dára, ó sì ṣe ilẹ̀ rẹ̀ lóore. Ṣùgbọ́n ó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ó ti mú olè náà lọ́wọ́. Ní 1992, ní ìlú Hyderabad, níbi ayẹyẹ kan tí olórí ìjọba Íńdíà wà, ẹ̀rọ ayàwòrán ká bí Sai Baba ti mú ẹ̀gbà ọrùn jáde. Àwọn aláìgbàgbọ́ kígbe pé ó hàn gbangba nínú àwòrán náà pé olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ti ẹ̀gbà náà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lábẹ́ ẹ̀bùn tí wọ́n jọ gbé. Haraldsson àti Richard Wiseman, ọ̀mọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì tí òun fúnra rẹ̀ mọ idán pa, yẹ àwòrán náà wò, wọ́n sì kọ ọ́ ní 1995 pé kò fi ìdí ohun tí wọ́n ń wí múlẹ̀ dájúdájú. Mo fara mọ́ wọn. Ó jọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ó jọ ọ́ kì í ṣe òun náà.

Nínú gbogbo àwọn tí ó dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ẹni tí mo fẹ́ kí o mọ̀ jù lọ ni H. Narasimhaiah. Onímọ̀ físíìsì ni, ó sì jẹ́ gíwá Yunifásítì Bangalore. Kò gbéyàwó, yàrá kan ní ilé ìbùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀ ni ó ń gbé. Ní 1976 ó yan ìgbìmọ̀ kan láti yẹ iṣẹ́ ìyanu wò, ó sì kọ lẹ́tà sí Sai Baba, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jọ̀ọ́ kí ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ náà ní ipò tí àwọn méjèèjì bá fẹnu kò sí. Kò sí èsì. Ó tún kọ ọ́. Èsì kò dé. Níkẹyìn Sai Baba sọ ní gbangba pé ohun tí ojú àti etí lè mọ̀ ni sáyẹ́ǹsì ní ẹ̀tọ́ láti wádìí, pé ohun ti ẹ̀mí ga ju ìyẹn lọ.

Èsì yìí dùn létí, nítorí náà kí a fara balẹ̀ yẹ ẹ́ wò. Bí ó bá jẹ́ pé ìfẹ́ Ọlọ́run, tàbí ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀, tàbí ìtùnú ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ni Narasimhaiah fẹ́ fi òṣùwọ̀n wọ̀n, èmi yóò wà lẹ́yìn Sai Baba gbágbáágbá. Ṣùgbọ́n eérú ni ó bèèrè fún. Eérú ṣeé rí, ó ṣeé fọwọ́ kàn, ó ṣeé fi sórí ìwọ̀n. Òrùka a máa dún bí ó bá bọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ohun tí ojú rí pe èrò jọ kò tún lè sọ pé ojú kò tó ohun tí òun ń ṣe nígbà tí ẹni tí ojú rẹ̀ ríran dáadáa bá sún mọ́ ọn.

Ọ̀pọ̀ ọmọlẹ́yìn rẹ̀ a máa dáhùn pé èso ni a fi ń mọ igi. Wọn a tọ́ka sí ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ṣí ní Puttaparthi ní 1991, níbi tí a ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún tálákà láìgba kọ́bọ̀, àti èkejì ní Bangalore ní 2001. Wọn a tọ́ka sí omi ẹ̀rọ tí àjọ rẹ̀ fà dé àwọn abúlé agbègbè Anantapur láàárín ọdún 1990 sí 2000, tí iye wọn ju 700 lọ. Iṣẹ́ rere ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ẹnu tẹ́ḿbẹ́lú rẹ̀. Ẹni tí kò tíì ru omi rìn ní maili mẹ́ta rí ni yóò rò pé nǹkan kékeré ni. Ṣùgbọ́n wo bí omi náà ti dé. Sai Baba kò ju ọwọ́ rẹ̀ kí omi sì ṣẹ́yọ. Owó ni wọ́n kó jọ, ẹnjiníà ni wọ́n gbà, ilẹ̀ ni wọ́n gbẹ́, páìpù ni wọ́n rì. Iṣẹ́ tí ó tóbi jù lọ nínú gbogbo ohun tí orúkọ ọkùnrin yìí so mọ́ kò lo iṣẹ́ ìyanu kankan. Ó wù mí kí àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ fi ìyẹn yangàn ju òrùka lọ.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ó wúwo ju eérú lọ, n kò sì ní fi í pamọ́ fún ọ nítorí pé o jẹ́ ọmọdé; nítorí pé o jẹ́ ọmọdé gan-an ni ó fi kàn ọ́. Láti nǹkan bí ọdún 2000, àwọn kan tí wọ́n ti jẹ́ ọmọlẹ́yìn rẹ̀ rí fi ẹ̀sùn kàn án pé ó ń fi ọwọ́ àìtọ́ kan àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí ó ń pè sí yàrá rẹ̀ ní àwọn nìkan. BBC ṣe fíìmù lórí ọ̀rọ̀ náà ní 2004. Òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ pé irọ́ ni, ilé ẹjọ́ kankan kò sì pè é jẹ́jọ́. N kò ní fi ara mi ṣe adájọ́ lórí ohun tí a kò gbé dé ilé ẹjọ́. Ipò ọmọ tí ó wà nínú irú ibùdó bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí o rò. Bí nǹkan búburú bá ṣẹlẹ̀ sí i, ta ni yóò sọ fún? Bàbá rẹ̀ ti fi ojú ara rẹ̀ rí eérú. Ìyá rẹ̀ ti lá a, ara rẹ̀ sì dá. Ẹni tí wọ́n ní kí ó fẹ́ ọmọ lójú lè fi ata sẹ́nu, kí àwọn òbí máa yọ̀ pé Ọlọ́run ń fẹ́ ọmọ àwọn lójú. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọkùnrin náà mọ́ láìní àbàwọ́n, ọ̀nà wo ni yóò gbà wẹ ara rẹ̀ mọ́ ní ibi tí bíbéèrè ọ̀rọ̀ ti jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀? Iṣẹ́ ìyanu tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yẹ̀ wò ni ó kọ́ odi náà yí wọn ká, láti ìgbà tí ó ti jẹ́ ọ̀rọ̀ eérú lásán.

Sai Baba kú ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin ọdún 2011. Ní oṣù Kẹfà, wọ́n ṣí yàrá rẹ̀ tí wọ́n ti tì, wọ́n sì rí kìlógíráàmù 98 wúrà àti 307 fàdákà níbẹ̀, pẹ̀lú owó tí ó lé ní mílíọ̀nù 115 rupee. Èyí pẹ̀lú kò fi ìdí ohunkóhun múlẹ̀ nípa ìwà rẹ̀. Àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ ti ń fi wúrà ta á lọ́rẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ohun tí ó dá ìjà sílẹ̀ ni ọjọ́ orí rẹ̀. Ó ti sọ fún àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ pé òun yóò dé ọdún 96 kí òun tó fi ayé sílẹ̀. Ọmọ ọdún 84 ni nígbà tí ó kú. Àwọn kan sunkún, wọ́n sì gbà pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bí wọ́n ti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn jókòó ti ìṣirò, wọ́n ní oṣù tí a fi ìràwọ̀ kà ni ó ní lọ́kàn, èyí tí ó jẹ́ ọjọ́ 27 péré. Mo bá wọn ṣe ìṣirò náà, ìwọ náà sì lè ṣe é sínú ìwé rẹ. Oṣù méjìlá ọlọ́jọ́ 27 jẹ́ ọjọ́ 324. Láti ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá 1926 títí di ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin 2011 jẹ́ ọjọ́ 30,833. Fi 324 pín in, yóò fún ọ ní ọdún 95 àti ọjọ́ 53, ó sì ti wọ inú ọdún 96. Ìṣirò náà kò ṣìnà níbì kankan. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kọkànlá ọdún 2005, nígbà tí ọkùnrin náà wà láàyè, àwọn ọmọlẹ́yìn kan náà ti kóra jọ sí Puttaparthi láti ṣe àjọyọ̀ ọjọ́ ìbí rẹ̀, wọ́n sì kéde fún gbogbo ayé pé àjọyọ̀ ọgọ́rin ọdún ni. Bí ó bá jẹ́ ọdún ọlọ́jọ́ 324 ni wọ́n ń kà, ọdún 89 ni ì bá jẹ́ ní ọjọ́ náà.